Èbù Inú Ẹ̀rọ: Ta Ni Ó Tọ́ Kí Ó Pa Á Mọ́?

Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ta gbogbo iṣu oko rẹ̀ tán láìṣẹ́ èbù kù. Bí ó ti wù kí ebi pa á tó, bí ó ti wù kí owó ọjà dùn tó, yóò ya ti èbù sọ́tọ̀ nínú abà, nítorí ó mọ̀ pé òjò ọdún tí ń bọ̀ kò ní béèrè ohun tí ó fi iṣu èṣí ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ ti iṣu. Èyí tí ó ń fa àríyànjiyàn láyé òde òní ni èbù mìíràn, tí kì í ṣe ti oko, tí ó jẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà: ẹ̀dà odindi ẹ̀rọ tí a ń pa mọ́ kí àtúnṣe tuntun tó wọ inú rẹ̀. Ta ni ó tọ́ kí ó ṣẹ́ èbù yìí? Bí ẹlòmíràn bá sì bá ni ṣẹ́ ẹ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, ọpẹ́ ni ó yẹ ẹ́ ni, àbí ẹ̀bi?

Kí ọ̀rọ̀ má bàa rú ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lójú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ là á. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún àwọn ètò yòókù. Òun ni ó ń jí kí àwọn tí ó kù tó jí, òun ni ó sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Windows ni èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn tí ó ṣe é a máa rí àléébù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á, wọn a sì máa fi àtúnṣe ránṣẹ́. Láti oṣù October ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Microsoft ti fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ṣe ọjọ́ tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń jáde. Àtúnṣe náà kì í ṣe àfikún lásán. Ó ń wọ inú egungun ẹ̀rọ, ó ń yọ ti àtijọ́ kúrò, ó ń fi tuntun sí ipò rẹ̀. Bí ó bá dúró lágbedeméjì, ẹ̀rọ náà ti kúrò ní àná, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì dé òní.

Ẹ̀dà odindi yàtọ̀ sí pé kí ènìyàn kàn da ìwé díẹ̀ kọ sínú fùláàṣì. Ó dà bí ìgbà tí a bá ya àwòrán gbogbo ilé kan, àti ògiri, àti ìlẹ̀kùn, àti kọ́kọ́rọ́, àti lẹ́tà tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, tí a sì lè fi àwòrán náà kọ́ ilé ọ̀hún padà bí ó bá wó. Ètò ìdarí, àwọn ètò iṣẹ́, ìwé, àwòrán, gbogbo rẹ̀ ni a ó dì pọ̀ sórí hard disk mìíràn. Bí àtúnṣe bá ba ẹ̀rọ jẹ́, a ó fi fùláàṣì ìgbàlà jí i, a ó sì da ẹ̀dà náà padà sí i, yóò sì rí gẹ́lẹ́ bí ó ti rí ní ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí a bá kọ lẹ́yìn ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn, àfi bí a bá ti fi í pamọ́ síbòmíràn. Ẹni tí ó gbọ́n a sì máa dán ẹ̀dà rẹ̀ wò kí ọjọ́ ìṣòro tó dé, nítorí èbù tí ó ti jẹrà nínú abà kò sàn ju àìní èbù lọ.

Àwọn kan gbà pé ọ̀nà àbáyọ ni kí ènìyàn kọ àtúnṣe pátápátá. Wọ́n á ní ẹ̀rọ àwọn ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èrò yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù May ọdún 2017 já a ní koro. Ní ọjọ́ náà ni àrùn ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní WannaCry tàn káàkiri orílẹ̀-èdè tí ó tó 150, tí ó ń ti ìwé onílé mọ́ inú ẹ̀rọ, tí ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ England, àwọn ilé ìwòsàn ní láti dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe tí ì bá dí ihò tí àrùn náà gbà wọlé ti jáde láti ọjọ́ 14 oṣù March ọdún kan náà, èyí tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ọ̀ràn tó bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ àtúnṣe kò fi ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìkan sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rọ rẹ̀ so mọ́ ti aládùúgbò, olè tí ó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé kò ní dúró sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba àtúnṣe tọwọ́tẹsẹ̀ náà ti rí tiwọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù October ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kan jáde fún Windows 10. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan ké gbàjarè pé ìwé àti àwòrán àwọn ti pòórá. Ilé iṣẹ́ náà dá a dúró, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù November kí ó tó tún un gbé jáde. Wọ́n ní àwọn tí ó kàn kò pọ̀ rárá. Èyí lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwòrán ọmọ rẹ̀ tí ó ti kú wà nínú ohun tí ó pòórá kò mọ ìṣirò ìdá kan nínú ọ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù July ọdún 2024, kì í ṣe Microsoft ni ó ṣẹ̀ pàápàá. Ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ olè, ni ó fi àtúnṣe kékeré kan tí ó lábùkù ránṣẹ́, tí ẹ̀rọ bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ sì dákú pẹ̀lú ojú búlúù. Ọkọ̀ òfúrufú kò lè gbéra, ilé ìfowópamọ́ kò lè sanwó. Fáìlì kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a yọ, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, àfi kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kíkọ àtúnṣe kò mọ́gbọ́n wá, gbígbà á láìní èbù kò sì mọ́gbọ́n wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ti ìwà, tí ó kúrò ní ti ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan, ni ibi tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti jẹ́ ènìyàn méjì.

Port Harcourt jẹ́ ibi tí ó dára láti gbé ọ̀ràn náà yẹ̀wò. Ìlú náà, tí ìjọba amúnisìn tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1913 kí èédú Enugu lè rí ọ̀nà dé ojú òkun, ti di ìlú epo. Ó tún di ìlú ìwé, nítorí UNESCO fi í ṣe olú ìlú ìwé lágbàáyé ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò mọ ìlú epo yàtọ̀. Ní ọdún 2024, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ni ìpèsè iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀. Àtúnṣe tí ń gba wákàtí kan ní ìlú tí iná kì í lọ lè di ikú ẹ̀rọ ní Díobú, bí bátìrì bá ti gbó. Láti ìparí ọdún 2016 pẹ̀lú ni àwọn ará ìlú náà ti ń nu èéfín dúdú kúrò lójú fèrèsé àti lára aṣọ. Ẹ̀rọ tí ń fa atẹ́gùn sínú kò sì lè bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ibẹ̀ kì í ráyè jókòó lásán.

Kí a mú ọ̀ràn kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kọ́jọ́. Obìnrin Yorùbá kan, olùkọ́, tí ó ti gbé Port Harcourt ju ogún ọdún lọ, ní láptọ́ọ̀pù kan. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tí ó ń ṣe fún oyè kejì wà nínú rẹ̀, àwọn lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ olóògbé kọ sí i náà sì wà níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, àtúnṣe wọ inú ẹ̀rọ náà, iná lọ, bátìrì kò lè gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ń yí, ó dúró lójú kan, ó pa ara rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e tọ ọmọkùnrin kan lọ ní Mile 1, ọmọ Ọ̀yọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà.

“Ẹnjiníà, bá mi wò ó. Gbogbo ayé mi ni ó wà nínú rẹ̀.”

“Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.”

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú ọmọkùnrin náà. Èyí tí ó yá ni kí ó nu ẹ̀rọ náà nù, kí ó da Windows tuntun sí i, kí ó sì sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀rọ ti dìde. Ẹ̀rọ yóò dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú ni yóò wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́. Ọmọkùnrin yìí kò ṣe é. Ó yọ disk inú ẹ̀rọ náà, ó so ó mọ́ tirẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀dà odindi rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wákàtí mẹ́rin ni ó fi tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀, láìfi kún owó. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pinpin àìsàn náà: ó yọ gbogbo ohun tí ó so mọ́ ẹ̀rọ, ó wò bóyá àyè kù nínú disk, ó jí i pẹ̀lú ìwọ̀nba ètò tí kò lè ṣàì ní, ó sì dá àtúnṣe tí kò parí náà padà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ dìde, ohun gbogbo pé. Obìnrin náà súre fún un, ó lọ.

Ẹ̀dà náà kù lórí disk ọmọkùnrin náà. Kò sọ fún un.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, olè fọ́ ilé obìnrin yìí, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù láti béèrè iye tí tòkúnbọ̀ mìíràn jẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹnjiníà ní kí ó jókòó. Kí ọjọ́ tó rọ̀, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti padà, àyàfi ti oṣù mẹ́ta náà. Máàkì padà, lẹ́tà ọkọ padà. Obìnrin náà sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó délé tí ó dùbúlẹ̀, oorun kò wá. Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni gbogbo ayé rẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ní Mile 1, òun kò sì mọ̀.

Ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú? Àwọn kan yóò sọ pé àìmoore ni. Wọn yóò ní oore ni oore ń jẹ́, ẹni tí a yọ nínú omi kì í béèrè ibi tí ẹni tí ó yọ ọ́ ti dì í mú. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ó sì yẹ kí a bu ọlá fún un. Bí ọmọkùnrin náà bá ti pa ẹ̀dà yẹn rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ìwé obìnrin náà ì bá ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n èrè tí ó ti inú nǹkan jáde kò sọ pé nǹkan náà tọ́ nígbà tí a ń ṣe é. Bí olè kò bá fọ́ ilé ńkọ́? Ẹ̀dà náà ì bá ṣì wà níbẹ̀, láìṣe ẹnikẹ́ni lóore, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí olè yóò fọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ìwà télọ̀ lè là wá lóye. Télọ̀ a máa kọ ìwọ̀n oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé, ọdún márùn-ún a kọjá, ìwé náà á ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí í bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń gé kọ́kọ́rọ́ bá gé méjì, tí ó fún onílé ní ọ̀kan, tí ó sì ju èkejì sínú àpò ara rẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò dìde sí i, bí kò tilẹ̀ ní èrò ibi kankan. Èwo ni ẹ̀dà kọ̀ǹpútà jọ nínú méjèèjì? Ó jọ méjèèjì, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó nìyẹn. Ètò ìdarí àti bí a ṣe tò ó dà bí ìwọ̀n aṣọ. Lẹ́tà, àwòrán àti àwọn ọ̀rọ̀ ìwọlé dà bí kọ́kọ́rọ́. A kò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì nínú ẹ̀dà odindi, nítorí pé odindi tí ó jẹ́ gan-an ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó wúlò.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń jiyàn lórí irú ọ̀ràn yìí kì í sábà rántí. Kì í ṣe obìnrin náà nìkan ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, tiwọn ni. Ọkọ rẹ̀ olóògbé wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí obìnrin náà bá tilẹ̀ sọ pé òun gbà, ìdajì ohun tí ó ń gbà sí kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù June ọdún 2023, kò fi èyí sílẹ̀ fún inú rere nìkan: ohun tí ó bá jẹ mọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ju ìgbà tí iṣẹ́ tí a fi gbà á nílò rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò ka òfin náà, àwọn tí ó kọ ọ́ náà kò sì wá sí ẹgbẹ́ títì.

Níbo, nígbà náà, ni ó yẹ kí èbù wà? Ìtàn ìwé tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa Yorùbá fúnra rẹ̀ lè dáhùn. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní England ní ọdún 1899, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ wọn. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i. Ohun tí ó gba ìtàn náà là kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ó kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó jọ tí ó fi tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó tún fi ti kejì ránṣẹ́, ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní oṣù January ọdún 1916, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé tó dé ibi tí a rán an. Ọdún 1921 ni ó jáde. Àgbà tí ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí èbù wà: ilé ẹni tí ó ni ín ni.

Bákan náà ni ó tọ́ kí ó rí fún ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ẹ̀dà tọ́ sí, kí ó wà lórí disk tirẹ̀, níbi tí òun mọ̀, kí ó má sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí olè kan ṣoṣo má bàa gbé méjèèjì. A óò ní hard disk wọ́n, òótọ́ sì ni. Owó rẹ̀ ju ohun tí olùkọ́ lè fi ṣeré lọ. Níbi tí owó kò bá sí, kí atúnkọ̀ǹpútàṣe bá a pa á mọ́ pẹ̀lú àdéhùn, kí ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tí oníbàárà nìkan mọ̀ tì í, kí wọ́n sì dá ọjọ́. Windows pàápàá, lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, ọjọ́ mẹ́wàá ni ó ń fi ti àtijọ́ pa mọ́ kí ó tó nù ún. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, kí ó pa á rẹ́ lójú ẹni tí ó ni ín. Kí ó sì pa á rẹ́ dáadáa, nítorí fáìlì tí a kàn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára disk ṣì ń bẹ níbẹ̀ títí òmíràn yóò fi gorí rẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì lè hú u jáde.

Ẹnjiníà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìdí tí ó fi dákẹ́ hàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí obìnrin náà padà wá.

“Ẹnjiníà, o ṣeun, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún ọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó ní kí n pa á rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá sì tún kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èmi náà ni ẹ ó dá lẹ́bi.”

Ìbẹ̀rù ẹ̀bi ni ó mú un tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ojúkòkòrò. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ní ẹ̀rọ ni ó dá ìbẹ̀rù yìí sílẹ̀, nítorí a kì í bi atúnkọ̀ǹpútàṣe léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é; ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni a ń rántí pé ó ní orúkọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ pé bí òun bá béèrè wọn yóò kọ̀, tí ó sì tìtorí ìyẹn kọ̀ láti béèrè, ti gba ìpinnu náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Obìnrin náà ra disk kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó san díẹ̀, ó ní òun yóò parí ìyókù lópin oṣù. Ẹnjiníà da ẹ̀dà náà sí i, ó sì ní kí ó súnmọ́ tòsí kí ó fojú ara rẹ̀ rí bí òun yóò ti pa ti ọ̀dọ̀ òun rẹ́. Nígbà tí ó ṣí disk náà, orúkọ obìnrin náà wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Orúkọ tò lókè, orúkọ tò nísàlẹ̀. Ó kà á dé mẹ́tàdínlógún. Ìkejìlá nínú wọn jẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà.

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?”

Ọmọkùnrin náà kò fèsì. Ó na ọwọ́ mú fóònù rẹ̀, ó wo orúkọ tí ó wà lókè pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà rẹ̀.